Láti Orí Ìṣó Dé Orí Gọ́ọ̀mù: Ìtàn Pákó Ara Ògiri

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Òwe yìí kò yọ oníṣẹ́ igi sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi pákó bo ògiri inú ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ògiri náà kí ó tó gbé pákó: ṣé ó gbẹ ni tàbí ó rin? Ṣé ó tẹ́jú tàbí ó rí págunpàgun? Ṣé ọ̀dà ara rẹ̀ dúró, tàbí ó ti ń ṣí bí èèpo igi? Láyé àtijọ́, ìṣó àti òòlù ni káfíńtà ń gbé dé ojú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóde òní, gọ́ọ̀mù tí ó ki, tí wọ́n rọ sínú ike gígùn, ti gba ipò ìṣó ní ọ̀pọ̀ ilé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde sí ẹ̀yìn pákó, tí wọ́n sì gbé pákó náà mọ́ ògiri, yóò dì í mú lójú ẹsẹ̀, kí ó tó wá gbẹ dáadáa lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kò ju gọ́ọ̀mù agbámú lọ.

Ọ̀nà tí gọ́ọ̀mù gbà tí ó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìṣó jìn, ó sì kún fún ẹ̀kọ́. Kò sí àní-àní pé agbára gọ́ọ̀mù ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n bí agbára náà ti ń pọ̀ ni ohun kan ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ohun náà sì ni àǹfààní láti tú ohun tí a ti so.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ohun Tí Ń Lẹ̀

Ohun tí ń lẹ̀ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Oje igi ni ọdẹ àti ọmọdé fi ń ṣe àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ẹyẹ tí ó bá bà lé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bùṣe. Ẹ̀kọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé sì fi ń lẹ ìwé tí ó bá ya. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú ihò àpáta Sibudu ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn òkúta mímú tí wọ́n ti lé ní 60,000 ọdún. Àmì oje igi àti erùpẹ̀ pupa ṣì wà lára wọn. Àwọn ènìyàn ìgbà náà ti po erùpẹ̀ yìí mọ́ oje igi, wọ́n yá a lójú iná, wọ́n sì fi lẹ òkúta mọ́ ẹ̀rú igi. Wọ́n ti mọ̀ pé oje nìkan kò tó. Ó yẹ kí nǹkan mìíràn wọ inú rẹ̀ kí ó tó le.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì ni àwòrán ti fi hàn kedere bí gọ́ọ̀mù ṣe di ohun èlò oníṣẹ́ igi. Lára ògiri ibojì Rekhmire, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjòyè lábẹ́ Fáráò Thutmose Kẹta ní nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Jésù, àwòrán àwọn káfíńtà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò gọ́ọ̀mù lórí iná. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Gọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n fi ń lẹ igi iyebíye tí a là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ara igi lásán, kí àga tàbí àpótí lè rí bí ẹni pé igi iyebíye ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Howard Carter àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rí ibojì Tutankhamun ní ọdún 1922, ọ̀pọ̀ àga, ibùsùn àti àpótí tí a fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe ṣì dúró lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 3,200 ọdún. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rinrin ti ráyè wọlé, gọ́ọ̀mù ti jẹrà, ọnà tí wọ́n lẹ̀ sì ti ń ṣí. Kì í ṣe ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ni ó dá àwọn ohun èlò náà sí bí kò ṣe gbígbẹ ilẹ̀ aṣálẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí. Ọ̀rinrin àti ooru ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù awọ. Síbẹ̀, àìlera yìí ní oore tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ àga kan bá kán lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe lè fi omi gbígbóná rin ojú ibi tí a lẹ̀, kí ó rọra tú u, kí ó sì tún fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ̀ ẹ́ padà. Ohun tí a fi gọ́ọ̀mù awọ so, ó ṣeé tú.

Pákó Tí Ń Mí

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ilé olókùúta máa ń tutù nínú bí àmù. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń fi aṣọ híhun tí ó nípọn bo ògiri. Nígbà tí ó yá, pàápàá láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún títí dé ìkẹtàdínlógún, pákó igi óòkù ni ó gba ìgboro. Ó ń dín òtútù kù, ó sì ń buyì kún ilé.

Àmọ́ igi kì í sùn. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, pákó a wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, a súnkì. Pákó fífẹ̀ tí a bá kàn pa láìfi àyè sílẹ̀ fún un yóò là lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ni àwọn káfíńtà ìgbà náà fi dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ṣe férémù igi, wọ́n la ihò tóóró yí inú férémù náà ká, wọ́n sì ti etí pákó bọ inú ihò náà. Wọn kò fi gọ́ọ̀mù sí ibẹ̀ rárá, kí pákó lè máa wú, kí ó sì máa súnkì láìsí ìdíwọ́. Igun férémù ni wọ́n kì bọ inú ara wọn, tí wọ́n sì fi èèkàn igi kéékèèké dè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kan gbogbo rẹ̀ mọ́ igi tí wọ́n ti fi sára ògiri.

Àpẹẹrẹ rere kan ni yàrá olówó iyebíye tí ó wà ní ilé olódi Sizergh, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí ìdílé Strickland ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Láàárín ọdún 1575 sí 1585 ni wọ́n ṣe pákó ara ògiri yàrá náà. Igi óòkù ni pákó ọ̀hún. Igi funfun tí a ń pè ní pọ́pílà, àti óòkù tí ó ti di dúdú nínú irà, ni wọ́n fi ṣe ọnà tí wọ́n tẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1891, wọ́n ta pákó yìí fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Victoria and Albert Museum. Wọ́n tú u kúrò lára ògiri, wọ́n sì kó o lọ. Ní ọdún 1999, lẹ́yìn ọdún 108, pákó náà padà sí Sizergh, wọ́n sì tún tò ó sára ògiri tí wọ́n ti tú u.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lẹ pákó wọ̀nyẹn pa mọ́ ògiri ni, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí wọn ì bá fọ́ wọn wẹ́wẹ́, ì bá sì wó ògiri mọ́ wọn. Ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà lè lọ, kí ó sì lè bọ̀, ni pé àwọn tí ó ṣe é so ó bí ohun tí ẹlòmíràn lè tú.

Ìgbà Tí Ẹ̀rọ Dé

Ọgbọ́n férémù yìí gba àkókò, ó gba ọwọ́ tí ó mọṣẹ́, ó sì gba igi ńlá tí ó ti dàgbà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń wá pákó tí ó fẹ̀, tí kò wọ́n, tí kò sì ní máa là. Pílíwúùdù ni ó dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1905, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Portland Manufacturing Company pàtẹ irú pákó yìí fún àwọn èrò wò. Wọ́n bó igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń bó iṣu, wọ́n to ìpele rẹ̀ lé ara wọn ní ìdábùú, kí iṣan igi ìpele kan lè gbún iṣan igi èkejì, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù mú gbogbo rẹ̀ ṣọ̀kan. Nítorí pé ìpele kan ń di èkejì mú, pákó náà kò lè wú tàbí kí ó súnkì bíi ti àtijọ́. Ohun tí férémù ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ gọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ara ẹran ni wọ́n ṣì ń lò, bí omi bá sì kàn án, ìpele a máa ṣí. Ìyè àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, po phenol mọ́ formaldehyde, ó sì rí Bakelite, ohun líle tí iná kò lè tún yọ́ mọ́. Ní ọdún 1912, Fritz Klatte ní ilẹ̀ Jámánì rí polyvinyl acetate, èyí tí ó di gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ní ọdún 1934, James Nevin, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilé iṣẹ́ Harbor Plywood ní ìpínlẹ̀ Washington, ṣe gọ́ọ̀mù tí omi kò lè tú fún pílíwúùdù. Láti ìgbà náà ni pílíwúùdù ti lè jáde sí ìta ilé láìbẹ̀rù òjò.

Ogun ni ó wá dán gọ́ọ̀mù wò jù lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú Mosquito fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi ni ara ọkọ̀ náà: pílíwúùdù níta, igi balsa fífúyẹ́ láàárín, gọ́ọ̀mù sì ni ó so wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù tí a fi wàrà màlúù ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ó dára ní ilẹ̀ olótùútù. Ṣùgbọ́n ní ìhà Íńdíà àti Burma, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi tiwa níhìn-ín, ìṣòro yọjú ní ọdún 1944. Àwọn ibi tí a lẹ̀ ń ṣí lára àwọn ọkọ̀ kan, ẹ̀rù sì ba àwọn aláṣẹ. Gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà tí a fi urea àti formaldehyde ṣe ni wọ́n yà sí. Ẹ̀kọ́ ibojì Íjíbítì tún padà wá: ibi tí a lẹ nǹkan sí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Gọ́ọ̀mù tí ó dára ní ìlú kan lè tú ní ìlú mìíràn.

Igi Ilẹ̀ Wa Nínú Ìtàn Náà

Lẹ́yìn ogun náà, pílíwúùdù wọ ilé gbogbo, igi ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà lára ohun tí ayé ń wá. Ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ oníṣòwò UAC, ń ṣe pílíwúùdù ní Sapele, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Delta lónìí. Orúkọ ìlú náà ni àwọn oníṣòwò igi fi ń pe igi pupa kan tí ọ̀pọ̀ ilé àti ilé iṣẹ́ ní òkè òkun fi bo ògiri. Orúkọ ìrókò pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni. Òun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe igi náà títí di òní.

Kí pílíwúùdù tó dé, àwọn baba ńlá Yorùbá ní ọ̀nà tiwọn láti ṣe ọnà sára pákó ilé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924. British Museum ni ó wà di òní. Àwọn ère tí ó yọ síta lára rẹ̀, Ògògà àti òyìnbó tí wọ́n gbé wá nínú àga, kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Inú igi náà gan-an ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ wọn jáde. Nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù tí yóò ṣí, nítorí pé ọnà àti pákó kì í ṣe ohun méjì.

Gọ́ọ̀mù Agbámú

Gọ́ọ̀mù agbámú òde òní jẹ́ ọmọ gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ yìí. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni èyí tí a fi rọ́bà àtọwọ́dá ṣe. Ní ọdún 1930 ni wọ́n rí rọ́bà neoprene ní ilé ìwádìí Du Pont ní Amẹ́ríkà, níbi tí Wallace Carothers ti jẹ́ aṣíwájú. Kẹ́míkà olóòórùn ni wọ́n fi ń yọ́ irú gọ́ọ̀mù yìí. Bí kẹ́míkà náà bá ti fẹ́ lọ ni rọ́bà yóò gbámú. Ó lágbára, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ tètè ń gbiná, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Fèrèsé ṣíṣí ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni olómi. Omi inú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó le, nítorí náà, ó kéré tán, ọ̀kan nínú pákó àti ògiri gbọ́dọ̀ lè fa omi mu. Bí àwọn méjèèjì bá ń dán bí abọ́ tánganran, omi yóò há sí àárín, gọ́ọ̀mù kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ láti fi le. Kì í gan pa bí ó bá gbẹ. Ó máa ń fà díẹ̀ bíi rọ́bà, pákó sì lè mira díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n pò mọ́ ọn wà lára ohun tí ó mú kí ó ki. Kíki yìí ni kì í jẹ́ kí ó ṣàn, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ó dí àwọn ibi tí ó jin kòtò díẹ̀ lára ògiri. Síbẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ kò kọjá agbára ohun tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tí ó ti ń ṣí ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ọ̀dà ni ó dì mú, kì í ṣe ògiri; lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá bọ́, pákó yóò bá a bọ́. Bákan náà ni ti eruku, ti ìwé ara ògiri, àti ti sìmẹ́ńtì tí kò dì mọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́.

Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ fi ń ha ọ̀dà tí ó ti ṣí kúrò, tí ó sì ń nu eruku dànù. Á kó pákó sínú yàrá ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Ìlà òró ni ó ń fa gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn pákó, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní etí pákó fún wíwú àti súnsúnkì. Bí pákó bá wúwo, á tún fi súkúrúù kún un. Bí ògiri bá ń fa omi láti ilẹ̀, kò ní fi pákó bò ó rárá títí yóò fi mọ orísun omi náà. Ọ̀rinrin tí a bò mọ́lẹ̀ kò kú, ẹ̀yìn pákó ni yóò ti máa hu èébú.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò gbẹ́yìn. Formaldehyde tí ó sọ pílíwúùdù di alágbára máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ara àwọn pákó kan sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ní ọdún 2004, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń ṣe pákó ti ń sapá láti dín in kù. Ẹni tí ó bá ń fi pákó bo yàrá tí ọmọdé ń sùn sí ní láti béèrè ohun tí ó wà nínú pákó náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà lọ láti orí ìkòkò gọ́ọ̀mù àwọn ará Íjíbítì títí dé orí ike gọ́ọ̀mù ọwọ́ káfíńtà òde òní. Iṣẹ́ tí ó ń gba oníṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Èrè ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Àwọn tí ó ṣe pákó Sizergh kò mọ̀ pé a ó tà á ní ọdún 1891, wọn kò sì mọ̀ pé yóò padà sílé ní ọdún 1999. Síbẹ̀, wọ́n so ó lọ́nà tí ó ṣeé tú, ọmọ ẹlòmíràn sì jàǹfààní rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ lọ́la má ṣe kọ́ wọn ní bí a ṣe ń lẹ nǹkan pọ̀ nìkan. Kí ó kọ́ wọn pẹ̀lú láti wo ohun tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n sì rántí ẹni tí yóò wá tú u.